Ta Ni Agbẹnusọ Ọlọ́pàá?

Tíṣà ni bàbá mi. Bàbá Káyọ̀dé tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ọlọ́pàá ni wọ́n. Nígbàkígbà tí rédíò bá ti kéde pé àwọn tíṣà fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Bàbá Káyọ̀dé á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní: "Tíṣà, ẹ̀yin rí ẹgbẹ́ sá di. Bí àwa bá daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa rán wá mú wa? Ṣé àwa náà kọ́ ni?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Ẹni tí ìjọba ń rán lọ dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kun, bí iṣẹ́ bá ni òun náà lára, ta ni yóò bá a sọ ọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó iṣẹ́ ọlọ́pàá òde òní wá bá wa ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí nílé ara wọn, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ní ọdún 1913, John Syme, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni, nítorí pé ọlọ́pàá tí àṣírí rẹ̀ bá tú pé ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, owó oúnjẹ gun òkè àjà, owó ọ̀sẹ̀ kọ́ńsítébù kò sì lè bá a dọ́gba. Ìdílé ọlọ́pàá ń ráágó.

Ní oṣù August 1918, wọ́n lé kọ́ńsítébù kan, Thomas Thiel, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní àwọn kò gbà. Wọ́n béèrè àfikún owó, wọ́n béèrè owó ìtọ́jú fún àwọn opó ọlọ́pàá, wọ́n ní kí Thiel padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ìjọba sì gba ẹgbẹ́ náà wọlé. Nígbà tí wọn kò rí èsì gidi, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 30 August. Kó tó di ọjọ́ kejì, nǹkan bí 12,000 ọlọ́pàá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ogun sì ń lọ lọ́wọ́! Ṣọ́jà ni wọ́n kó wá ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba.

Lloyd George, olórí ìjọba, ránṣẹ́ pe àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́. James Marston tó jẹ́ ààrẹ wọn ló kó wọn lọ, kọ́ńsítébù ni òun náà. Ìjọba fi ṣílè 13 kún owó ọ̀sẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí owó àwọn opó, Thiel padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Lloyd George ní òun kò lè gba ẹgbẹ́ ọlọ́pàá wọlé lásìkò ogun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Marston lọ sí Tower Hill níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti pé jọ, ó jábọ̀ fún wọn pé ìjà ti parí, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. "Kì í ṣe lásìkò ogun" tí Lloyd George sọ, etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ ọ sí "bí ogun bá ti parí." Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ó wí nìyẹn? Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìránṣẹ́ tó bá bẹ̀rù àwọn tó rán an níṣẹ́ jù, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni yóò máa fẹ́ mú bọ̀ wálé.

Gbogbo ènìyàn rọ́ wọ ẹgbẹ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 10,000 di nǹkan bí 50,000 láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba náà kò sùn. Edward Henry, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó mú ọ̀nà fífi ìka ọwọ́ mọ ọ̀daràn gbilẹ̀, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gágun kan, Nevil Macready, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì ṣe tán láti bá ẹgbẹ́ dọ́rẹ̀ẹ́. Ní 1919, ìgbìmọ̀ tí Lord Desborough ṣe alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí owó kọ́ńsítébù bẹ̀rẹ̀ láti pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lọ́sẹ̀. Owó ńlá ni nígbà náà. Ìjọba gbà á. Ní ọwọ́ kejì, wọ́n gbé òfin wá pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún wọn, Police Federation, tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ rí ọgbọ́n ìjọba: oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, pàṣán lọ́wọ́ òsì.

Àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́, Marston àti akọ̀wé wọn Jack Hayes, wo ìwé orúkọ, wọ́n rí 50,000. Wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́pàá tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù July. Orúkọ inú ìwé yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ lójú títì o! Ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá 2,364 péré ló jáde. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi díẹ̀ lé ní 1,100. Liverpool ni ó ti gbóná jù, nǹkan bí ìdajì àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ló jáde. Àwọn jàǹdùkú fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ọjà lọ. Ṣọ́jà dé, wọ́n mú ọkọ̀ ogun wá sí odò Mersey, ìbọn ṣọ́jà sì pa ènìyàn kan.

Gbogbo 2,364 náà ni wọ́n lé, wọn kò gba ẹnì kan padà títí ayé. Ẹni tó ti fi ọdún gígùn sin ìjọba pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwọn tí wọn kò jáde ńkọ́? Àwọn ló jókòó jẹ pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá náà. Jack Hayes wọ ilé aṣòfin ní 1923, àwọn ará Edge Hill ní Liverpool ló dìbò fún un. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà.

Ṣé kí n dá àwọn aṣíwájú náà lẹ́bi? Díẹ̀. Wọ́n jà fún ohun tó tọ́, láìsí ìjà ti 1918 ìjọba kì bá tí ronú owó kankan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣíwájú ni láti jábọ̀ ohun tí ọ̀gá sọ gẹ́lẹ́, èyí tó korò pẹ̀lú èyí tó dùn, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ iye tí yóò san kí ó tó fẹsẹ̀ sójú títì.

Nílé wa níbí, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fàyè gba ọlọ́pàá títí di òní. Síbẹ̀, ní oṣù February 2002, àwọn ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan ní Nàìjíríà nítorí owó àti ìyà iṣẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, kò sí Marston kankan tí yóò lọ gbọ́ tẹnu ìjọba wá jábọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ pé fífi òfin di ẹnu kì í pa ẹ̀dùn inú nìyẹn.

Bàbá Káyọ̀dé ti lọ bá àwọn àgbà. Bí wọ́n bá wà láàyè ni, mi ò bá sọ fún wọn pé mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè wọn: ṣọ́jà ni wọ́n máa ń rán. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, wọn ì bá béèrè pé: "Ẹni tó sì máa gbọ́ tẹnu wa ńkọ́, ṣé ìwé sọ ọ́?"