Ìtọ́jú ọ̀kadà ní Abẹ́òkúta: Kí ẹ́ńjìnì má baà kú kí gbèsè tó tán

Ẹni tó bá dúró ní Ìjẹmọ̀, ní ìlú Abẹ́òkúta, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kò ní í pẹ́ mọ iṣẹ́ tí alùpùpù ń ṣe níbẹ̀. Àárín òkúta ni ìlú náà wà. Ọ̀nà tó lọ láti Ìjẹmọ̀ sí Ìtòkú, sí Aké tàbí sí Ṣápọ́n kún fún òkè àti ìdagẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ilé sì wà níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ọ̀kadà ló ń gbé ọmọ ilé-ìwé, òun ló ń gbé ìyá tó di ẹrù àdìrẹ lọ sí ọjà Ìtòkú, òun náà ló sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún kì í ṣe ẹni tó ni ín. Háyà pọ́ṣéèsì ni wọ́n gbà á: wọ́n gba máṣíìnì lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń dá owó rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kù ní oṣù kẹjọ, olówó kò ní í tìtorí ìyẹn fa owó oṣù kẹsàn-án ya. Ọlọ́kadà yóò máa san gbèsè lórí òkú irin. Ohun tó sì máa ń fa irú àdánù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò ju ọ́ìlì lítà kan tí wọn kò pààrọ̀ lásìkò lọ.

Lára àwọn alùpùpù tó wọ́pọ̀ jù lójú títì ni Boxer tí ilé iṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, TVS tí òun náà ti Íńdíà wá, àti oríṣiríṣi máṣíìnì 125 tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà. Orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu ará ìlú, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti yá a: Okada Air ni ilé iṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn èrò sì fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí bí alùpùpù ṣe ń fò kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bàálù náà ti kógbá sílé tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ló kù lórí ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú máṣíìnì 125 ti Ṣáínà, àwòṣe Honda CG125 ni. Ìtàn máṣíìnì yìí ba ọ̀rọ̀ ìtọ́jú mu púpọ̀. Nígbà tí Honda ń múra láti gbé e jáde ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, ẹni tó ra alùpùpù kì í pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ, ó sì máa ń di ẹrù tó ju agbára ẹ̀rọ lọ. Wọ́n yọ ṣéènì kékeré tó máa ń wà nínú ẹ́ńjìnì láti ṣí fáàfù, wọ́n fi ọ̀pá irin rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún fi páànù bo ṣéènì ẹ̀yìn látòkè délẹ̀ kí ekuru má baà dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tí kì í tọ́jú nǹkan ni. Síbẹ̀, Honda kò yọ ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ọ́ìlì kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó sì ń tú páànù ṣéènì náà jù nù nítorí pé ó ń pariwo kò mọ̀ pé nítorí tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Ibi tí ìṣírò ti máa ń dàrú ni àkókò. Ìwé atọ́nà ọ̀pọ̀ alùpùpù tó wà láàárín 100 sí 150 sọ pé kí ìtọ́jú àkọ́kọ́ wáyé láàárín kìlómítà 500 sí 1,000, nítorí pé irin tuntun máa ń gé ara wọn, ẹ̀rún irin á sì wà nínú ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn èyí, ìtọ́jú yóò máa wáyé ní ìwọ̀n kìlómítà 3,000 sí 5,000. Ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni òṣìṣẹ́ tó ń gun máṣíìnì rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń gùn ún padà sílé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rin kìlómítà 20 lóòjọ́, lọ́jọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀, yóò tó ọ̀sẹ̀ 50 kó tó pé 5,000. Ọlọ́kadà tó ń rin kìlómítà 120 lójúmọ́, lọ́jọ́ 6 láàárín ọ̀sẹ̀, ti rin 720 kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Ọ̀sẹ̀ 7 péré ni yóò fi pé 5,000. Ohun tó jẹ́ ìtọ́jú ọdún kan fún ẹnìkan kò tó ìtọ́jú oṣù méjì fún ẹnì kejì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìwé kan náà sọ pé ẹni tó ń gun máṣíìnì nínú ekuru, lórí òkè, tàbí pẹ̀lú ẹrù wúwo gbọ́dọ̀ tètè máa ṣe ìtọ́jú ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sára ọlọ́kadà Ìjẹmọ̀. Èyí ló fi bọ́gbọ́n mu kí ó dín iye kìlómítà náà kù sí ìlàjì tàbí kí ó tilẹ̀ kéré sí i: kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì láàárín 1,500 sí 2,000. Lórí ìṣírò òkè yìí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nìyẹn. Bí míítà máṣíìnì bá ti kú, bí púpọ̀ wọn ṣe máa ń kú, pẹtiróòlù lè ṣe òṣùwọ̀n. Alùpùpù 125 tàbí 150 tó ń gbé èrò láàárín ìlú lè rin nǹkan bíi kìlómítà 40 lórí lítà kan. Ẹni tó bá ń ra lítà 3 lóòjọ́ mọ̀ pé òun ń rin nǹkan bíi 120, lítà 40 sì ti tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ sínú ìwé pélébé kan lábẹ́ ìjókòó.

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré máa ń gba ọ́ìlì tó tó lítà 4, ó sì ní omi nínú rédíétọ̀ tó ń tù ú lára. Ọ́ìlì inú ọ̀kadà kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, kò sì sí omi kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì díẹ̀ yẹn ló ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún písítìn, fún gíà, tó tún ń ṣiṣẹ́ fún kílọ́ọ̀ṣì. Nítorí ti kílọ́ọ̀ṣì yìí ni kò fi yẹ kí ọlọ́kadà máa da ọ́ìlì mọ́tò tó bá ṣáà ti rí sínú máṣíìnì. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ gan-an. Bí ó bá dé ara kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀, ẹ́ńjìnì yóò máa ké, máṣíìnì kò sì ní í gun òkè. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 20W-50 àti JASO MA sí lára ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì yẹ ìdérí ike rẹ̀ wò dáadáa bóyá ẹnìkan ti ṣí i rí, torí ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n tún rọ sínú ike kò ṣàjèjì lọ́jà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìdọ̀tí sì bá a jáde. Ẹ dá máṣíìnì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbe ọ́ìlì náà sínú abọ́. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ló ṣì ń mu omi kànga. Ẹ fọ asẹ́ inú ẹ́ńjìnì, ẹ lo wọ́ṣà tuntun, kí ẹ sì rọ iye tí ìwé sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́kadà tó tàn án, kí ó wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, kí ó fi kún un, àmọ́ kí ó rántí pé àfikún kì í ṣe ìpààrọ̀.

Òótọ́ ni pé owó kò sí. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà pẹtiróòlù tó jẹ́ nǹkan bíi ₦185 di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti súnmọ́ ₦1,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọlọ́kadà kò lè sọ pé òun kò ní í ra epo lónìí. Ọ́ìlì ló lè sún síwájú. Ibi tí ìfowópamọ́ ti ń di gbèsè gan-an nìyẹn, nítorí owó písítìn, ríìngì àti iṣẹ́ mẹkáníìkì yóò ju owó ọ́ìlì oṣù púpọ̀ lọ, láì tíì ka ọjọ́ tí máṣíìnì fi wà nílẹ̀ tí kò pa kọ́bọ̀.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Láàárín ìlú, ẹ máa tú u wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà ọyẹ́, tàbí fún ẹni tó ń ná ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá àti àwọn abúlé rẹ̀ tó jẹ́ ilẹ̀ pupa, ọ̀sẹ̀ méjì kò yá jù. Bí ó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì fún un. Ti bébà kò gbọ́dọ̀ kan omi. Atẹ́gùn ni kí fọ́kánáísà fi fẹ́ ẹ láti inú síta. Asẹ́ tó dí máa ń jẹ epo, pọ́lọ́ọ̀gì yóò sì dúdú bí èédú. Orí pọ́lọ́ọ̀gì tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ló dára. Bí ó bá funfun jù, epo kò tó. Bí ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, ríìngì ti ń jẹ.

Ṣéènì fẹ́ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 500, èyí tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan fún ọlọ́kadà. Ọ́ìlì gíà dára fún un. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnì kò dára, torí ẹ̀rún irin wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì pàdé ekuru ilẹ̀ pupa, yóò máa ha ṣéènì bíi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Fún ọ̀pọ̀ máṣíìnì, bí ẹ bá fi ìka gbé ṣéènì láàárín, kí ó gbé sókè sódò ní ìwọ̀n mílímítà 20 sí 30. Èyí tó le jù yóò jẹ bẹ́árìn. Èyí tó dẹ̀ jù lè já bọ́ kó sì há táyà ẹ̀yìn lórí ìdagẹ̀rẹ́. Ẹ yẹ kílíìpù ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ wò pẹ̀lú: ẹnu rẹ̀ tó là gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń sáré lọ. Bí ṣéènì bá sì ti jẹ tán, òun àti irin eléyín méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, torí eyín tó ti jẹ yóò ba tuntun jẹ́ kíákíá.

Ní ọdún 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, òkúta àti òkè ló jẹ́ ààbò fún wọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Òkè kan náà ló ń jẹ búréèkì ọlọ́kadà lónìí. Àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnì tàbí kí wọ́n fi gíà sí fírì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo má baà lọ. Kò sí àṣà tó léwu tó o. Máṣíìnì tó ju kílò 100 lọ, tó tún gbé ènìyàn mẹ́ta, ti di ẹrù ńlá. Bí gíà kò bá bá a dì í mú, búréèkì nìkan ni yóò gba gbogbo agbára rẹ̀. Ṣúù búréèkì yóò gbóná, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì rọ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò máa tẹ òfìfo. Gíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti yọ okùn búréèkì iwájú dànù nítorí ẹ̀rù pé ó lè gbé wọn ṣubú, bẹ́ẹ̀ táyà iwájú ni gbogbo ìwúwo ń tẹ̀ lé nígbà tí a bá ń dúró lórí ìdagẹ̀rẹ́. Tiwájú àti tẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo bí pẹ́dà ẹ̀yìn ṣe ń rìn tó kó tó mú: mílímítà 20 sí 30 ló dára. Lára ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀mù, àmì ọfà kékeré kan wà. Bí ó bá ti dé òpin rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ búréèkì, ṣúù ti tán, fífún nọ́ọ̀tì le sí i kò lè tún un ṣe mọ́. Ṣúù tí gíríìsì bá ti kàn, ẹ jù ú nù.

Atẹ́gùn táyà, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà bá tutù, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé tàbí sára máṣíìnì. Ti ẹ̀yìn máa ń ju ti iwájú lọ fún ẹni tó ń gbé èrò. Omi bátìrì, omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti kànga. Tápẹ́ẹ̀tì fáàfù, àlàfo tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kan àbọ̀. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kó tó fọwọ́ kàn án. Bí omi òjò bá bo máṣíìnì, ẹ má ṣe tàn án. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì ní láti tú u dànù.

Ẹni tó bá fẹ́ gba háyà pọ́ṣéèsì, kí ó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sọ ju iye owó ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ sísan lọ. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò máa ra ọ́ìlì sí i, ẹni tí yóò ra ṣéènì àti táyà, ẹni tí yóò tún ẹ́ńjìnì ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti ọjọ́ kan lóṣù tí máṣíìnì yóò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìsan owó ọjọ́ yẹn.