Àlọ́ Àpamọ̀ Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà ní Kánò àti agbègbè rẹ̀, ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ọba tàbí ti ogun. Ìtàn eré kan ni, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ní Sábọ̀n Gàrí láàárín ọdún 1970 sí 1980 ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì tó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Olùkọ́ á fi nǹkan kan sínú àpò, á so ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan náà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi bèèrè: "Is it a spoon?" "Is it a cup?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ìdáhùn. Lójú wa, eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, "ṣé" la kàn ń fi síwájú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ kankan kì í kúrò láyè rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á gbé "is" láti àárín wá síwájú. Ọmọ tó bá bèèrè nígbà ogún láàárọ̀ kan, ẹnu rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n kí olùkọ́ tó ṣàlàyé òfin kankan.

Eré náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí ìyá wa bá ti ní "Ààlọ́ o!", tí a dáhùn "Ààlọ̀!", a mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣàpèjúwe nǹkan láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Hausa tí a jọ jókòó náà ní tiwọn, kacici-kacici. Olùkọ́ rò pé òun ló mú nǹkan tuntun wá!

Síbẹ̀, nílé ìwé wa, ẹni tó bá sọ Yorùbá, wọ́n á fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ní àkókò kan náà, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ti ọdún 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Hausa ni èdè àdúgbò níbí, ìlànà yẹn kò fún ọmọ wa ní Yorùbá. Ti ọdún 2022 fẹ̀ ẹ́ dé ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Níbi àpéjọ àwọn ọmọ wa tó kọjá, a fi òòyà sínú àpò, a ní "ṣé" ni kí wọ́n fi bèèrè. Ọmọbìnrin ọdún méje kan ní, "Ṣé it's a comb?" Ó gbà á. A wá bi gbogbo wọn pé kí ni Yorùbá ń pè é. Wọ́n ń wo ojú ara wọn, àwọn òbí kan náà ń wolẹ̀.

A tún so àpò náà. Ó di ọdún tó ń bọ̀.