Ìjọba Sá fún Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kò Kúrò

Tí ẹ bá ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Ìyámoyè, ìlú wa ní Ìjùmú, ni mo wà lónìí. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ti Òmùò Èkìtì wá, tó ń lọ sí Kàbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú mi yìí, Àbújá ni wọ́n ń lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó wà lára ohun tó bí Àbújá?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ti wọlé, ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Udoji ṣe dábàá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ra mọ́tò. Èkó ni olú ìlú, Èkó ni èbúté ńlá, Èkó náà ni ilé iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Afárá Carter àti Afárá Èkó nìkan ló so erékùṣù mọ́ apá Yaba àti Surulere. Láàárọ̀, gbogbo ayé á rọ́ lọ síbì kan náà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún jọ rọ́ padà.

Ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún náà, Adájọ́ Akinola Aguda ló ṣe alága. Wọ́n ní Èkó ti há jù, kí wọ́n gbé olú ìlú kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, Murtala kéde pé àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ló ń lọ. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn adìtẹ̀ yìnbọn pa á ní Ìkòyí, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò.

Àbújá kò lè dìde lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ní 1977, ìjọba Obasanjo gbé òfin mìíràn jáde fún Èkó. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ irú 1, 3 tàbí 5, ọjọ́ tìrẹ wà. Bó bá jẹ́ irú 2, 4 tàbí 6, ọjọ́ tìrẹ náà wà. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe tìrẹ, fi ọkọ̀ sílé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà náà. Ó ní mọ́tò kékeré kan, lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, mólúè ló máa ń bá jìjàdù. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jìjàdù ní tirẹ̀: ó ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Bí àwọn olówó ṣe ń ṣe nìyẹn, òfin tó yẹ kó dín ọkọ̀ kù wá ń mú un pọ̀ sí i. Ìlú Mẹ́síkò náà gbé irú òfin yìí jáde ní 1989, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe? Gómìnà Lateef Jakande rí i: ọkọ̀ ojú irin láàárín ìlú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Metroline ní 1983, àmọ́ àwọn ológun gbàjọba lópin ọdún náà. Ní 1985, ìjọba Buhari fagi lé e, ó sì ju mílíọ̀nù 78 dọ́là tó bá a lọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, tí àwa Okun kúrò lára Kwara. Ṣùgbọ́n ìjọba ló kó lọ, èbúté kò kó lọ, ọjà kò kó lọ. Èkó kò ṣófo. Títì tiwa ló wá kún: àwọn tó ń ti ìhà Èkìtì lọ sí Àbújá ń gba ibí kọjá, àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Obajana náà sì wà lójú ọ̀nà.

Ní 2008 ni Èkó tó ṣí ọ̀nà fún BRT, láti Mile 12 dé CMS. Reluwé aláwọ̀ búlúù, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ta ló wá ṣí i lóṣù kìíní ọdún yẹn? Buhari kan náà ni, ó ti di ààrẹ alágbádá. Ọdún 38 ló wà láàárín méjèèjì.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí o bá ní kí èèyàn fi mọ́tò sílé, fi ohun tó máa wọ̀ hàn án kọ́kọ́. Ẹni tí o kò fún ní nǹkan kan, ọgbọ́n ló máa fi yí òfin rẹ po.

Ìyá mi ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi nìkan ni mo máa ń sọdá lọ gbé oúnjẹ fún un. Báyìí, kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dá sọdá mọ́; ó ní kí wọ́n dúró kí òun wá dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá wà nínú gósílò báyìí, tí ẹ̀ ń gbọ́ mi lórí fóònù, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bí ọdún 1977 ṣe rí, kí ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Okun o!