Ká ra GPU báyìí, àbí ká dúró? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn

1/ Igbódìgò ni mo wà, fídíò òde ni mò ń ṣe jẹun. GPU mi ti gbó. Àwọn ará YouTube ní kí n dúró, pé owó rẹ̀ máa wálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò o.

2/ Lọ́dún 2021, GPU wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń fi í wa Ethereum ń kó o tán lọ́jà. Ní 15 September 2022, Ethereum fòpin sí ìwakùsà yẹn, ọjà sì rọ̀. Ẹni tó dúró l'Amẹ́ríkà jèrè.

3/ Àwa ńkọ́? May 2023, Nvidia kéde RTX 4060 ní $299. Dọ́là ìjọba ṣì wà ní bíi ₦460: nǹkan bíi ₦137,500. Ní June, CBN tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi di ìparí February 2024, dọ́là ti tó ₦1,500. $299 yẹn náà ló di ₦448,500, a ò tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà!

4/ Iná tún ńkọ́? Gúúsù Oǹdó lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná NEPA. Jẹnẹrétọ̀ la gbójú lé, epo sì ti gbówó lórí látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní 2023. RTX 3060 lè jẹ 170 wáàtì. 4060 ò ju 115 lọ.

5/ Tó bá jẹ́ géèmù lásán, dúró. Tó bá jẹ́ òun lo fi ń jẹun, tówó bá ti pé, rà á, kó o sì mú èyí tí kì í jẹ iná. Èmi ń rà á lóṣù yìí. Ẹ̀yin ńkọ́?