Ìpalẹ̀mọ́

Pa, ilẹ̀, mọ́: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìpalẹ̀mọ́. Ní ìlú Ọ̀sì àti Ìlọfà, bí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé, tí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti Ìlọrin ń múra àtiwálé wá ṣọdún, ìyá àgbà á gbọn òwú aláǹtakùn òkè àjà dànù, á sá ẹní sóòrùn, á gbá ẹ̀yìnkùlé. Ọyẹ́ ò ní jẹ́ kó sinmi: ibi tó gbá láàárọ̀, eruku á ti tún bò ó kílẹ̀ tó ṣú.

Irú iṣẹ́ yẹn ni Àdífẹ́ǹtì, àsìkò tí àwọn Kristẹni fi ń múra de Kérésìmesì; ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bíbọ̀ ni. Ọjọ́ Ìsinmi tó súnmọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà á gbé aṣọ elésè àlùkò wọ̀; àwọn Kátólíìkì á tò fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀; ẹni tó bá bá àbúrò rẹ̀ yodì á lọ parí ìjà.

Àmọ́ o, bí òde ìnáwó bá tú, tí wọ́n ń kó àga àti ìkòkò, ìpalẹ̀mọ́ náà là ń pè é. Ẹni tó bá ní òun ti palẹ̀mọ́, ẹ bi í: ṣé àlejò ń bọ̀ ni, àbí ó ti lọ?