Peugeot Kàdúná àti Volkswagen Ọ̀jọ́: Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Tí Ìjọba Gbé Pọ̀n

Ní ọdún 1972, ìjọba ológun Yakubu Gowon bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ méjì láti òkè òkun tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Peugeot ti ilẹ̀ Faransé yóò kọ́ ilé ìtòpọ̀ ọkọ̀ sí Kàdúná, Volkswagen ti Jámánì yóò kọ́ tirẹ̀ sí Ọ̀jọ́ ní Èkó, lójú títì tó lọ sí Badagry. Inú oṣù kẹta ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi méjèèjì, ti Kàdúná ló fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú wọn, òun ló ń bu owó ibodè lé ọkọ̀ tó bá ti òkèèrè wọlé kí tiwọn lè tà, òun náà tún ni oníbàárà wọn tó tóbi jù lọ. Bí Peugeot 504 àti Volkswagen ìjàpá ṣe di ààyò láàárín àwọn ará Nàìjíríà kò ṣeé sọ láìdárúkọ owó ìjọba. Síbẹ̀, owó ìjọba nìkan kọ́ ló mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn, àwọn tó ń ṣe òfin ọkọ̀ kò sì tètè fiyè sí èyí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ńláńlá ló ń gbé ọkọ̀ wọlé kí ilé ìtòpọ̀ tó dé. UAC ló ń ta Bedford, ó sì ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ ní Èkó láti òpin àwọn ọdún 1950. Àwọn káfíńtà ló ń fi pákó kan ara sí i lẹ́yìn, tí ó fi di bọ̀lẹ̀kájà. SCOA ló ni ọjà Peugeot lọ́wọ́, Mandilas ló ń ta Volkswagen. Láyé ìgbà náà, ilé ìtajà ni oníbàárà mọ̀ ju ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni yóò padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ọkọ̀ tí àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé kọ́kọ́ lè fi owó oṣù wọn rà ni ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, kò ní rèdíétọ̀ rárá, nítorí náà kò sí pé awakọ̀ ń tọrọ omi lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń rú èéfín. Ẹni tó bá ní sípánà mélòó kan lè tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kó nù ún, kó dá a padà, kí ìrìn sì máa bá a lọ. Àkókò náà tún bá a mu. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí ti dá a lábàá ní 1974 pé kí wọ́n fowó kún owó òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n san án ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, wọ́n kó àfikún tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún tó ṣáájú pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ owó Údójì yìí di alùpùpù, rédíò àti fíríìjì, ó sì di ọkọ̀ fún àwọn tí ipò wọn ga díẹ̀. Ọdún tí owó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì kékeré Volkswagen ní tirẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn onídanfó, débi pé ẹni tí kò lè ra ìjàpá náà ń wọ Volkswagen lọ síbi iṣẹ́.

Ti Peugeot 504 tún yàtọ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní Faransé, òun ni wọ́n sì yàn ní ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù fún 1969. Ní Nàìjíríà, ohun tó gbé e lékè ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ga nílẹ̀, súpíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, tó fi jẹ́ pé kòtò tó máa gbá àwọn ọkọ̀ mìíràn nídìí, ńṣe ló ń mì lórí rẹ̀ kọjá. Onílé gígùn tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ló jọba ní gáréèjì. Ẹni tó ń ti Èkó lọ Ìlọrin tàbí Kàdúná mọ̀ pé owó ọkọ̀ Peugeot wọ́n ju ti bọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kún, kò sì ní pẹ́ dé. Bí èrò bá ku ẹnì kan, agbèrò á kàn án mọ́lẹ̀, awakọ̀ á ti jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí gíá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́kọ̀ náà.

Ìjọba fi àṣẹ kún òkìkí yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed nínú Mercedes rẹ̀ ní 13 oṣù kejì 1976, ìjọba Olusegun Obasanjo polongo pé kí àwọn aláṣẹ jáwọ́ nínú afẹfẹyẹ̀yẹ̀. Wọ́n pa Mercedes tì, 504 di ọkọ̀ olórí ìjọba fúnra rẹ̀, ó di ti kọmíṣánnà àti akọ̀wé àgbà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tí ìjọba fi ń wá ìrẹ̀lẹ̀ di ohun tí àwọn mìíràn fi ń hàn pé àwọn ti dé ipò. Ilé-iṣẹ́ wo ni ìpolówó lè ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún?

Ṣùgbọ́n inú páálí ni ọkọ̀ méjèèjì ti ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀yà ara wọn, láti ẹ́ńjìnnì dé dígí, ni wọ́n ń kó wá láti òkèèrè. Títò, jíjó irin pọ̀ àti kíkùn ni wọ́n ń ṣe níhìn-ín. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá dí èbúté Èkó pa, ẹrù kò sì rí ọ̀nà sọ̀. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ara 504 láti Lyon ní Faransé wá sí àríwá Nàìjíríà kí ilé-iṣẹ́ Kàdúná má bàa dúró. Ilé-iṣẹ́ tí ń fi bàálù kó irin mọ́tò kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń ṣírò èrè bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ṣírò rẹ̀. Owó epo rọ̀bì ló bo àṣírí. Volkswagen ní tirẹ̀ ń kó ọ̀pọ̀ lára tirẹ̀ wá láti Brazil. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brasília níbẹ̀ ni wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ní orúkọ Igala.

Àdéhùn ni pé ohun èlò ilẹ̀ yìí yóò máa pọ̀ sí i lára ọkọ̀ náà lọ́dọọdún. Irin ló sì yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta tí wọ́n gbójú lé kò pèsè rẹ̀. Táyà, bátìrì, dígí àti ọ̀dà ni wọ́n rí ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba kò sì tíì dúró lórí méjèèjì yìí kó tó tún fọwọ́ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù: Leyland ní Ìbàdàn, Mercedes ní Enugu, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano. Ti Leyland pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 1975, British Leyland ti wọ gbèsè débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń gbé ló wá ń gbé ọmọ tirẹ̀ kalẹ̀ sí Ìbàdàn.

Àwọn ọdún 1980 tú àṣírí. Owó epo já wálẹ̀, ní 1982 ìjọba Shehu Shagari gbé òfin ìṣúnná-owó jáde, ilé-iṣẹ́ kò sì rí dọ́là tí wọn yóò fi ra páálí àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni òṣìṣẹ́ ń wá síbi iṣẹ́ tí kò sí ohun tí wọ́n máa tò. Nínú oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Ibrahim Babangida fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti díye lé: dọ́là tí kò tó 2 náírà di ohun tó lé ní 4 náírà lẹ́ẹ̀kan. Iye ọkọ̀ fò sókè, owó oṣù kò tẹ̀ lé e. Owó ibodè ṣì ga, ààbò ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ra ohun tí wọ́n ń dáàbò bò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní Ọ̀jọ́, àwọn ará Jámánì sì yọwọ́.

Tòkunbọ̀ gba àyè yẹn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì ń sọ̀ ní Cotonou, wọ́n ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ojú títì Badagry ni wọ́n sì ń tọ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ Volkswagen ni wọ́n ń gbà kọjá. Toyota ló jèrè jù nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn mẹkáníìkì ló sì gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kì í dá ra á; mẹkáníìkì rẹ̀ ni yóò mú dání. Èyí tí mẹkáníìkì bá mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ohun èlò rẹ̀ sì kún Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Agodi Gate ní Ìbàdàn, òun ni yóò ní kó rà. Ìdí kan náà ló mú wọn fẹ́ 504 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí páàtì Peugeot wọ́n, tí ti Toyota wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, ìfẹ́ náà ṣí lọ. Mandilas tó ń ta Volkswagen nígbà kan wá ń ta Toyota. Ní Ìbàdàn, Nissan Micra kékeré gba iṣẹ́ takisí, láìsí pé ìjọba kankan ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Kàdúná pẹ́ díẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Faransé ti pa 504 onílé kúkurú tì ní 1983, ilé-iṣẹ́ Kàdúná ṣì ń tò ó títí di àárín àwọn ọdún 2000, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sì ni oníbàárà pàtàkì. Lásìkò yẹn náà ni ìjọba ta ìpín tirẹ̀ nínú méjèèjì fún aládàáni. Gbèsè kò tán. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ikẹja ní 2008. Ìwọ̀nba ohun èlò abẹ́lé tó wà náà tún dín kù. Lẹ́yìn náà ni AMCON, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gba gbèsè tó há báńkì lọ́rùn, gba Peugeot Kàdúná sọ́wọ́. Ohun tí ìjọba ti tà tún padà sábẹ́ ìjọba.

Ní oṣù kẹwàá 2013, ìjọba Goodluck Jonathan tún gbìyànjú. Wọ́n fi owó orí 35 lé owó ibodè 35 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọkọ̀ tó bá wọlé, wọ́n sì yọ owó ibodè kúrò lórí èyí tó bá wá nínú páálí. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́, tó ti bọ́ sọ́wọ́ Stallion, bẹ̀rẹ̀ sí í to Nissan àti Hyundai. Tòkunbọ̀ kò dúró. Ojú ọ̀nà fàyàwọ́ ló gbà, ní 2017 ìjọba tó gbapò lẹ́yìn Jonathan sì ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní òpin 2020, ìjọba kan náà tó fòfin de bodè tún dín owó orí ọkọ̀ kù sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí owó ọkọ̀ èrò ti wọ́n jù. Àwọn tó ti fi owó kọ́ ilé ìtòpọ̀ lórí ìlérí 2013 ni ìyà náà jẹ.

Ní 2022, ilé-iṣẹ́ Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná àti Kebbi nínú òwò náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá yan ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì mú Toyota Land Cruiser, èyí tí ìròyìn ní ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ra èyí tí wọ́n ń tò nílé. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé ojú ọ̀nà kò dára, àwọn sì fẹ́ ọkọ̀ tí yóò pẹ́.