Ta Ni Iṣẹ́ Ìjọba Kàn? Ìtàn Ìgbanisíṣẹ́ àti Iṣẹ́ Àgbàṣe l'Ékìtì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni ìjọba ológun Sani Abacha yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì jáde lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ Èkìtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn kúrò l'Ákùúrẹ́, tí wọ́n forí lé Adó. Ìlú tí bàbá èèyàn ti wá ló sọ ìjọba tí yóò máa san owó oṣù rẹ̀. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ náà ló wáyé ní 1976, nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó.

Èrò pé ó yẹ kí iṣẹ́ ìjọba kárí ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Láyé àwọn òyìnbó, ọwọ́ wọn ni ipò ńláńlá wà. Ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ ní 1948 ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba òyìnbó sí ipò tí ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú òṣùwọ̀n bá wà fún. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn, ìjọba Àríwá fi ọmọ Àríwá ṣíwájú; tí kò bá rí wọn, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti gba òyìnbó ju ọmọ Gúúsù lọ. Kò yẹ kí Yorùbá gbàgbé èyí, nítorí àwa náà ti jẹ́ àlejò tí wọ́n ní kó lọ sílé.

Oṣù kẹwàá ọdún 1975 ni ọ̀rọ̀ náà gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, federal character. Ọ̀gágun Múrítàlá Mohammed, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ló ń ṣí ìjókòó ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìwé òfin tuntun, èyí tí Rótìmí Williams ṣe alága rẹ̀. Ìwé òfin 1979 sọ ọ́ di àṣẹ, ti 1999 sì tún un sọ nínú abala 14. Ìlà kẹta abala náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí, ìjọba Àbújá ló sì ń bá wí. Ìlà kẹrin ló kàn wá jù. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú, àti gbogbo àjọ wọn, gbọ́dọ̀ fi hàn nínú ètò wọn pé oríṣiríṣi èèyàn ló ń gbé lábẹ́ wọn.

L'Ékìtì, níbi tí èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ìlú àti ẹkùn la fi ń ka oríṣiríṣi. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní ẹkùn mẹ́ta ìpínlẹ̀ náà: márùn-ún ní Àáríngbùngbùn, ìyẹn Adó, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, márùn-ún ní Àríwá, mẹ́fà ní Gúúsù. Èèyàn márùn-ún la dìbò yàn sípò gómìnà láti 1999 títí di 2022. Níyì Adébáyọ̀ ará Ìyìn, Ayọ̀délé Fáyòṣe ará Afàò àti Bíọ́dún Oyèbánjí ará Ìkọ̀gòsì, ọmọ Àáríngbùngbùn ni wọ́n. Ṣẹ́gun Òní ará Ìfàkì àti Káyọ̀dé Fáyẹmí ará Ìsàn wá láti Àríwá. Gúúsù kò rí ọ̀kan. Ẹ bá ará Ìkẹ́rẹ́ tàbí ará Òmùò sọ̀rọ̀ nígbà ìdìbò, ẹ ó gbọ́ bí ó ti ń dùn wọ́n tó.

Ìgbanisíṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. Láti ipele 7 lọ sókè, àjọ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ ló ń gbani. Ipele 1 sí 6, níbi tí mẹ́séńjà, ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ wà, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wà, ibẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ti lágbára jù. Ìwé yìí kì í jẹ́ kí ọmọ ìlú ńlá kó gbogbo iṣẹ́ mọ́ ọmọ abúlé lọ́wọ́, mi ò sì fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Ìgbìrà tí wọ́n bí sí oko lẹ́yìn Adó, tó kàwé níbẹ̀, tí iṣu bàbá rẹ̀ ń bọ́ wa. Ó gbọ́ Èkìtì ju ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ. Abala 42 ìwé òfin kò fẹ́ kí a fi ẹ̀yà tàbí orísun èèyàn du ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èèyàn tó wà lábẹ́ àkóso ìjọba náà ni abala 14 sì dárúkọ. Kò sọ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Ti obìnrin ni Èkìtì ti tiraka jù. Ìlànà orílẹ̀-èdè ti 2006 ti ní kí ìdá 35 nínú 100 ipò ìjọba jẹ́ ti obìnrin. Ní 2013, lábẹ́ Fáyẹmí, Èkìtì ṣe òfin àǹfààní dọ́gba fún takọtabo, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tíì dá a láṣà. Ọmọ Òmùò-Èkìtì, Bíọ́dún Olújìmí, tó ti jẹ́ igbákejì gómìnà, ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùújá. Ní oṣù kẹta ọdún 2016 wọ́n dà á nù. Ó tún gbé e dé ní 2021, àwọn kan fi ẹ̀sìn àti àṣà kọ̀ ọ́, ó ní láti fà á sẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022 ni ilé náà tún kọ àwọn àtúnṣe òfin tí yóò ran obìnrin lọ́wọ́. Àwọn obìnrin sì kóra jọ sẹ́nu géètì ilé ìgbìmọ̀ láti fẹ̀hónú hàn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ pàṣẹ kí ìjọba tẹ̀ lé ìdá 35 yẹn. L'Ékìtì, Olújìmí, Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká, Mọdúpẹ́ Adélabú àti Mọnisádé Afuyẹ ti dé ipò igbákejì. A kò tíì dìbò yan obìnrin kankan ṣe gómìnà.

Fún àwọn akanda ẹ̀dá, òfin àpapọ̀ ti 2019 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn, ó kéré tán.

Iṣẹ́ àgbàṣe ni a fi sẹ́yìn jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó ńlá wà. Òfin ìraja ìjọba àpapọ̀ ti 2007 gbájú mọ́ ìdíje ní gbangba: ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n tí iye rẹ̀ sì kéré jù ló ń gbaṣẹ́. Ó gbà kí a fi ilé iṣẹ́ abẹ́lé ṣíwájú ti òkèèrè, àmọ́ kò pín nǹkan kan sọ́tọ̀ fún obìnrin tàbí àwọn ọ̀dọ́. Bíríkìlà Adó tó mọṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta àti ìwé ètò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kò lè wọnú ìdíje náà. Ẹni tó lówó ni yóò gbaṣẹ́, yóò wá pe bíríkìlà yẹn ní owó táṣẹ́rẹ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti gbìyànjú ohun tó yàtọ̀. Maynard Jackson, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, dé ipò ní 1974. Ó takú pé àwọn ilé iṣẹ́ adúláwọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpín gidi nínú kíkọ́ pápákọ̀ òfurufú ìlú náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Richmond níbẹ̀ pín ìdá 30 nínú 100 owó iṣẹ́ àgbàṣe rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà kékeré, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà sì fagi lé e ní 1989 nítorí pé ìlú náà kò fi ẹ̀rí tó dájú gbe àṣẹ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Láti 2013 ni Kenya ti ń ya ìdá 30 nínú iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀dọ́ àti akanda ẹ̀dá.

Èyí tó jọ ọ́ jù nílé ni ètò ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́. Àwọn ará abúlé yan ìgbìmọ̀ tiwọn, obìnrin wà nínú rẹ̀, wọ́n dá díẹ̀ nínú owó iṣẹ́, wọ́n sì gba oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Èkìtì sì ti ní òfin òmìnira láti béèrè ìròyìn láti 2011. Olùgbé Adó tó bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ gọ́tà àdúgbò rẹ̀ fún, iye rẹ̀, àti ibi tí àwọn tí wọ́n gbà sípele kìíní ti wá, lè kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lónìí. Òfin kò bi í bóyá ọmọ ìlú ni.